Ìbẹ̀wò Ọjọ́ Kan sí Ìlú Canterbury

Ọ̀rọ̀ wa kì yóò gùn, nítorí ìrìn-àjò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò gùn. Ìbẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo ni, sí ìlú kékeré kan ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì létí ẹnikẹ́ni nínú Ìjọ wa. Canterbury ni ìlú náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ni ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ àwọn ọmọ wọn wò. Wọn a gbé ọmọ-ọmọ jó, wọn a ná ọjà, wọn a di ẹrù kún àpótí. Nígbà tí wọ́n bá sì padà dé, tí a bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, òtútù ni wọn a máa ròyìn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ: ìlú mẹ́rin láàrin ọjọ́ márùn-ún, àwòrán kan níwájú ilé ńlá, ó di ibòmíràn. Àwọn wọ̀nyí rí ohun gbogbo, wọn kò sì rí nǹkan kan. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a mú ìlú kan tí kò tóbi jù, kí a fún un ní ọjọ́ kan gbáko, kí a sì fi ẹsẹ̀ rìn ín ní pẹ̀lẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin tí ó yára jù láti Lọ́ńdọ̀nù kì í gbà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ kí ó tó dé Canterbury. Láti ibùdókọ̀ náà, a ó rìn gba abẹ́ Westgate kọjá, ẹnu-bodè olókùúta tí a kọ́ ní ọ̀rúndún 14. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn odi àti bodè àwọn ìlú wa àtijọ́ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìlò rẹ̀ fún un. Nítòsí rẹ̀ ni odò Stour gbé ń ṣàn láàrin àwọn ilé. Ẹ dúró díẹ̀ lórí afárá. Kò sí ẹni tí ń lé yín.

Kàtídírà náà kò fi ara pamọ́, nítorí ilé-ìṣọ́ àárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bell Harry, ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 235. Ní ọdún 597 ni Augustine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Póòpù Gregory rán láti Róòmù, dé ìlú yìí, tí Ethelbert ọba Kent sì gbà wọ́n. Kí a má gbàgbé pé Bertha, olorì rẹ̀, ti jẹ́ onígbàgbọ́ kí wọ́n tó dé. Bí a ti sábà máa ń rí i nílẹ̀ wa pẹ̀lú, àdúrà obìnrin ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà.

Nínú ilé náà, ẹ wá ibi tí a ti pa Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170, láti ọwọ́ àwọn ìjòyè ológun mẹ́rin ti Ọba Henry Kejì. Fún ọ̀rúndún púpọ̀ ni àwọn èrò fi ń wá sí ibojì rẹ̀, títí ẹsẹ̀ àti eékún wọn fi jẹ àwọn àtẹ̀gùn òkúta náà wọnú. Ní ọdún 1538 ni Ọba Henry Kẹjọ pàṣẹ pé kí a wó ojúbọ olówó iyebíye náà, tí a sì kó wúrà rẹ̀ lọ. Lónìí, ilẹ̀ gbalasa ni ibẹ̀, àbẹ́là kan ṣoṣo ni ó ń jó níbẹ̀. Ẹni tí ń sáré yóò wo ibẹ̀, yóò ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá dúró ni yóò mọ̀ pé wúrà ti lọ, àbẹ́là sì kù.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ó tóbi jù tí a fi mú Canterbury láàrin àwọn ìlú Yúróòpù ni èyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, nínú Kàtídírà yìí, ni a fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Òṣogùn ni, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí a tà fún àwọn Potogí, tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ tí ó gbà á sílẹ̀, wà láàyè, ó sì wà ní Kàtídírà ní ọjọ́ náà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ọmọkùnrin tí a fà yọ nínú ọkọ̀ ẹrú kúnlẹ̀ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, ẹni tí ó fà á yọ sì ń wò ó!

A kì yóò fi ìyókù ìtàn náà pamọ́. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dìde sí i ní ilẹ̀ odò Niger, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún 150 lẹ́yìn ìfijoyè rẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, nínú Kàtídírà yìí kan náà, ni Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìgbà náà, ṣe ìsìn ìdúpẹ́ lórí rẹ̀, tí ó sì tọrọ ìdáríjì fún ìwà tí Ìjọ hù sí i. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni ó mọ ìtàn yìí? Wọ́n ń gbé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti lè gbé wọn dé ibẹ̀ ní wákàtí kan, síbẹ̀ wọ́n rò pé àwọn baba ńlá wọn kò ní ìtàn kankan nínú òkúta ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí a sinmi, kí a tó rìn lọ sí ibi àwókù ilé àwọn mọ́ńkì tí Augustine dá sílẹ̀, níbi tí koríko tútù gbé bo ilẹ̀. Níwájú díẹ̀ ni ìjọ St. Martin wà, níbi tí Bertha ti ń gbàdúrà. Ilé kékeré ni, kò ju ilé ìsìn abúlé wa lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó pẹ́ jù nínú gbogbo ilé ìjọsìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣì ń lò.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí a padà sí Kàtídírà fún Ìsìn Ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó wá wòran ní ọ̀sán ń san owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá jọ́sìn kì í san nǹkan kan. Àwọn akọrin yóò kọ Orin Dáfídì àti Orin Màríà, èyí tí àwa náà ń kọ ní èdè wa, a ó sì mọ̀ pé a kì í ṣe àlejò.

Ẹnìkan lè wí pé: Ǹjẹ́ Ọlọ́run ń gbé inú òkúta? Rárá o. Ṣùgbọ́n ìrántí nílò ibi tí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó rékọjá òkun, ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ ọjà. Ẹ mú ọmọ-ọmọ yín dání. Ẹ sọ fún un, lábẹ́ òrùlé gíga náà, ẹni tí ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1864, àti ìlú tí ó ti wá. Ẹ má ṣe yára.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ yín àti àbọ̀ yín.