Igbó Ńlá Láàrin Èrò: Ohun Tí New Jersey Lè Kọ́ Wa

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin aṣojú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá káàkiri Amẹ́ríkà lónìí: ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí àdúgbò rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gba igbó àti omi lọ́wọ́ ìparun, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn kò tó bí àwọn àdúgbò tí omi kan náà so pọ̀ kò bá jọ tọwọ́ bọ̀wé. New Jersey tí a ti pàdé yìí ni ẹ̀rí mi.

Ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sí ìpínlẹ̀ tí èrò há mọ́ra tó New Jersey. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 9 sórí ilẹ̀ tí kò tóbi tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ará àríwá ń wo New York, ará gúúsù ń wo Philadelphia. Àríyànjiyàn lórí bóyá àwọn ará àárín wà rárá pọ̀ débi pé ní 2023, Gómìnà Phil Murphy fọwọ́ sí òfin pé Central Jersey wà lóòótọ́. Síbẹ̀, láàrin èrò yìí, igbó Pine Barrens àti agbègbè rẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò, tí wọ́n ń pè ní Pinelands, gba nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún éékà, ìdá 22 nínú 100 ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, omi odò rẹ̀ sì pọ́n bí tíì. Lára igi páìnì ibẹ̀, àwọn kan wà tí oje dí èso wọn pinpin. Àfi bí iná bá rà á lára kí ó tó là, kí irúgbìn rẹ̀ sì bọ́ sórí eérú. Lábẹ́ iyanrìn yẹn ni omi wà tí wọ́n fojú bù sí gálọ́ọ̀nù tírílíọ̀nù 17.

Kì í ṣe pé ojú kò wọ igbó náà. Ní àwọn ọdún 1960, ètò wà nílẹ̀ láti tẹ́ pápákọ̀ òfurufú ńlá síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ìlú tuntun fún 250,000 ènìyàn tì í. Àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Piney, aráàlú ti fi wọ́n ṣẹ̀sín pẹ́ pé ará oko tí kò lajú ni wọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi orúkọ náà yangàn. Ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, ìfẹ́ àdúgbò ló ṣiṣẹ́: nígbà tí wọ́n gbèrò pápákọ̀ òfurufú sí àbàtà Great Swamp ní 1959, àwọn ará àdúgbò dáwó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì fi ta ìjọba àpapọ̀ lọ́rẹ. Ní 1960, ó di ibi ààbò ẹranko. Ṣùgbọ́n Pinelands tóbi ju ohun tí a lè dáwó rà lọ. Òfin ló kù. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà dá a sí ní 1978. Ní 1979, Gómìnà Brendan Byrne fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 ló ń bójú tó o: gómìnà yan 7, káúńtì méje yan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìjọba àpapọ̀ yan ẹyọ kan.

Ẹnìkan lè sọ pé èèyàn ló nílò ilé, igi kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ó ya ibi tí ìlú lè gbòòrò sí sọ́tọ̀, ó sì jẹ́ kí ẹni tí kò lè kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ nínú igbó ta ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹni tó ń kọ́lé níbi tí àyè wà. Ilé tí kò sì ní omi mímu, ta ni yóò gbé e? Ẹlòmíràn lè sọ pé tèmi-ò-tìẹ àdúgbò ló ń fọ́ ìlú. Ohun tó ń fọ́ ìlú ni kí á gba àga lọ́wọ́ ará àdúgbò, tàbí kí á fi gbogbo àṣẹ lé àdúgbò kan lọ́wọ́. Nínú ìgbìmọ̀ Pinelands, káúńtì kọ̀ọ̀kan ní àga tirẹ̀, kò sì sí èyí tó lè dá ìpinnu ṣe.

Ẹ wo ilé. Àwọn ará Òṣogbo kò jẹ́ kí igbó Ọ̀ṣun pa run. Oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger bá wọn jà fún un, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Héktà 75 igbó yẹn ṣì dúró. Odò tó gba inú rẹ̀ kọjá ńkọ́? Wíwa góòlù lókè odò ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀. Òṣogbo lè ṣọ́ igi rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò lè dá ṣọ́ odò tó ti Èkìtì wá, tó sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pọ̀ láàrin wa, olúkúlùkù ló sì ń gbé ìlú tirẹ̀ lárugẹ. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn ọmọ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Òṣogbo, Ìjẹ̀bú àti Èkó tó wà níhìn-ín yan aṣojú kọ̀ọ̀kan sí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo lórí odò Ọ̀ṣun kí àpéjọ yìí tó tú, kí wọ́n sì jọ kọ̀wé sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí odò náà là kọjá. Kí ẹ̀yin tó ń gbé New Jersey sì máa lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ Pinelands, nítorí gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ń san owó orí níbì kan kì í ṣe àlejò níbẹ̀ mọ́.