Ọwọ́ Àgbà àti Ẹnu Akèrègbè



Àwọn baba wa a máa wí pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Lóde òní, tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà ni akèrègbè náà. Owó ìfẹ̀yìntì àti ìròyìn ọmọ tí ó wà ní òkè òkun, inú rẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹnu rẹ̀ ni kò gba ọwọ́ àgbà.

Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì tọ̀ mí wá láti fi owó ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ó tó tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá tán, àkókò tí ẹ̀rọ fún un ti pé. Nígbà tí ó sú u, ó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọdé kan tí ó dúró tì wá. Àyà mi já. Ó ha yẹ kí ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìwé máa tú àṣírí àpò rẹ̀ kí ó tó rí ìrànlọ́wọ́ bí?

Kì í ṣe pé àgbà gọ̀. Nítorí pé iná lè gba ara wa kọjá ni gíláàsì tẹlifóònù fi ń mọ ìka. Ìka tí ó gbẹ tí ó sì yi a máa ṣòro fún un láti mọ̀. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni kò ro ti àgbà.

Àtúnṣe ń bẹ. Ní 2023, ẹgbẹ́ W3C, tí ń fi ìlànà lélẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, fi kún ìlànà wọn pé kí ibi tí a ó fi ìka tẹ̀ má ṣe kéré ju píkísẹ́lì 24 lọ ní òró àti ní ìbú. Lórí tẹlifóònù Samsung àti iPhone, a lè pàṣẹ kí ẹ̀rọ má ka ìka tí ó gbọ̀n kàn án léraléra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe èyí fún àwọn òbí yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n ohùn ni ó rọ àgbà lọ́rùn jù. Ètò Common Voice, tí Mozilla dá sílẹ̀ ní 2017, ń gba ohùn Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹ̀rọ lè kọ́ láti gbọ́ èdè wa. Bí ohùn ọ̀dọ́ nìkan bá wọ ibẹ̀, ti ọ̀dọ́ nìkan ni ẹ̀rọ yóò mọ̀ dáradára. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wa yá a ní ohùn wọn.

Ẹnu akèrègbè ni kí a fẹ̀. Kí a má ṣe bẹ́ ọwọ́ àgbà.