IṢẸ́ ILÉ NÍNÚ ÌTỌ́JÚ ỌMỌ: Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Bí a ti ń yọ̀ lórí ilé Ọlọ́run tí àwọn aṣáájú wa kọ́, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè irú ọmọ tí a ń tọ́ láti jogún rẹ̀. Nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Iṣẹ́ ilé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn òbí kan wà, pàápàá ní ìlú ńlá bí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Wọ́n ní ìwé nìkan ni kí ó mọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò kọ́ ọmọ níṣẹ́ kò tíì pé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé Násárẹ́tì. Lúùkù Mímọ́, ní orí 2, fi yé wa pé Jésù bá àwọn òbí rẹ̀ padà sílé, ó sì tẹrí ba fún wọn. Máàkù Mímọ́, ní orí 6, jẹ́rìí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Bí iṣẹ́ ọwọ́ kò bá bu Ọmọ Ọlọ́run kù, abọ́ fífọ̀ kò lè bu ọmọ tiwa kù. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì pẹ̀lú, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1981 lórí ìdílé Kristẹni, kọ́ wa pé olúkúlùkù nínú ilé ni ó ní ipa láti kó nínú ìṣọ̀kan ilé lójoojúmọ́.

Èrè mẹ́ta ni a rí nínú rẹ̀. Èkíní, ọmọ náà yóò lè dá dúró. Bí ó bá lọ gba yàrá ní Kàlàfí nítorí yunifásítì, ebi kò ní pa á lẹ́bàá ìkòkò. Èkejì, ẹni tí ó bá pọn omi yóò mọ iye rẹ̀, yóò sì mọ làálàá ìyá rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọmọ tí ń gbálẹ̀ yàrá ìyá àgbà kò ní retí kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ohun gbogbo. Kí ọmọ ọdún márùn-ún kó ṣíbí jọ; kí ti ọdún mẹ́wàá fọ abọ́; kí èyí tí ó ti gbójú mọ ọbẹ̀ sè. Kí ọkùnrin ṣe, kí obìnrin ṣe. Kí iṣẹ́ má ṣe gba àkókò ìwé, Mísà tàbí katikísímù. Bí ó bá sì ṣe é dáadáa, ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a gbà láti abúlé, èyí tí àwọn Fọn ń pè ní vidomègon, ọmọ ni òun náà. Bí ọmọ tiwa bá jókòó ti tẹlifísọ̀n, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ru garawa omi láti ìdájí, tí kò sì rí ilé ìwé lọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìmúlẹ́rú ni. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà ṣe ní ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé sọ pé ọmọ ní ojúṣe sí ìdílé rẹ̀. Àdéhùn kan náà ni ó kọ iṣẹ́ tí ń pa ọmọ lára.

Nítorí náà, bí a bá délé lónìí, ẹ jẹ́ kí a pe gbogbo ọmọ tí ń sùn lábẹ́ òrùlé wa jọ, kí a pín iṣẹ́ fún wọn láìṣe ojúsàájú, kí àwa òbí náà sì mú tiwa. Kí Ìdílé Mímọ́ ti Násárẹ́tì gbàdúrà fún wa. Àmín.