Odò Tí Wọ́n Sin, Tí Àwọn Ará Ìlú Tún Hú

 

Àríyànjiyàn kan wà láàrin wa tí kò tíì parí. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba ni àtúnṣe ìlú, kí a máa béèrè títí wọn yóò fi dá wa lóhùn. Àwọn mìíràn ní kí a gbé ọkọ́ àti àdá, kí a má ṣe retí ẹnikẹ́ni. Ìtàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó fi hàn mí pé ìdajì òtítọ́ ni olúkúlùkù dì mú.

Ní àríwá ilẹ̀ náà, àwọn òkè kan tí wọ́n ń pè ní Pennines ni ó wà láàrin Huddersfield, ìlú àwọn tí ń fi irun àgùntàn hun aṣọ, àti Ashton tí ó wà ní apá Manchester. Kí ẹrù lè kọjá ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ odò fún ọkọ̀ ojú omi ní 1794. Odò àfọwọ́gbẹ́ yìí gùn tó nǹkan bí ibùsọ̀ 20. Ṣùgbọ́n omi kì í gun òkè. Nítorí náà wọ́n kọ́ yàrá omi 74 sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ á wọ inú yàrá, wọn á ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, wọn á ṣí omi sí i láti òkè, omi á sì gbé ọkọ̀ náà sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

Níbi tí òkè ti ga jù, ní Standedge, wọ́n dá ihò gba abẹ́ òkúta kọjá, ihò tí ó gùn ju ibùsọ̀ 3 lọ. Ọdún 1811 ni wọn tó parí rẹ̀. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ẹṣin tí í máa fa ọkọ̀. Wọn a da ẹṣin gba orí òkè, àwọn ọkùnrin a sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ọkọ̀, wọn a máa fi ẹsẹ̀ ti ògiri òkúta nínú òkùnkùn títí wọn yóò fi jáde ní òdì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru kòkó la ẹrẹ̀ kọjá rí ni ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí rélùwéè dé, ó gba ẹrù lọ́wọ́ odò. Ní 1944, ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí ó ni odò náà gba òfin láti pa á tì. Ní ìlú kékeré Slaithwaite, wọ́n da ilẹ̀ bò ó. Ní Huddersfield, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ lé e lórí. Ìhunṣọ fúnra rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí kú, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní 1974, àwọn ènìyàn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tún odò náà ṣí: Huddersfield Canal Society. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ń kó ẹrẹ̀, wọ́n sì ń tún yàrá omi ṣe. Ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì kọ́ ni yóò gba abẹ́ ilé-iṣẹ́ kọjá. Nítorí náà, bí ọwọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu wọn ń béèrè. Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Kirklees, Oldham àti Tameside dara pọ̀ mọ́ wọn. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, ìjọba sanwó fún àwọn tí kò ríṣẹ́ láti bá wọn ṣe é. Nígbà tí ó yá, owó ńlá jáde láti inú owó tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní 2001, ọkọ̀ tún kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ọdún 27 ni.

Ẹ fi ara balẹ̀ wo èyí. Àwọn ará ìlú kò fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bo àṣìṣe àwọn aláṣẹ mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n fi ń bi ìgbìmọ̀ pé: tiyín dà? Ó ṣòro fún olóyè ìlú láti sọ pé ohun tí ojú gbogbo ènìyàn ti rí kò ṣeé ṣe.

Kí n má tàn yín: ẹrù àtijọ́ kò padà. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ àti àwọn tí ń rìn létí omi ni ó ń bọ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rajà. Ní Slaithwaite, ní 2009, nígbà tí ilé ìtajà ewébẹ̀ kan kógbá sílé, àwọn ará ìlú ra ìpín, wọ́n sì sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn kan tí ń ṣe búrẹ́dì yá owó lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, búrẹ́dì ni wọ́n sì fi san èlé rẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin akápò alájẹṣẹ́kù, ẹ ro ó wò. Ilẹ̀ etí omi tí ó bá dára a máa gbówó lórí. Bí ará ìlú kò bá ní ìpín níbẹ̀, onílé nìkan ni yóò jẹ èrè náà.

Ìtọ́jú ni ó kù. Láti 2012, àjọ aláàánú kan, Canal & River Trust, ni ó ń tọ́jú odò náà. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: ní 2025, ọ̀dá mú kí wọ́n ti ọ̀pọ̀ odò àfọwọ́gbẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa fún ọkọ̀, nítorí omi inú adágún tí ń bọ́ wọn ti fà.