Títọpasẹ̀ Baba Ńlá Ẹni ní Ayé Òyìnbó Amúnisìn

A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. A júbà Ọlọ́tà, ọba Àwórì. A júbà ẹ̀yin àgbà awo tí ẹ jókòó. Kí ìjúbà wa ó ṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ awo, gbogbo wa ni a mọ bí ó ti ń rí nígbà tí Ifá bá ní kí ẹnìkan lọ bọ baba ńlá rẹ̀, tí onítọ̀hún sì dáhùn pé òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò pè nídìí ojúbọ? Ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà lónìí, ilé iṣẹ́ ńláńlá ti gba oko tí àwọn baba wa ń ro. Àmì ilẹ̀ ń parẹ́, àwọn arúgbó tí ó mọ ìtàn sì ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ yóò sọ ibi tí baba ti ṣẹ̀ wá, orúkọ rẹ̀ yóò sì sọ ìsìn ìdílé rẹ̀. Bí arúgbó kò bá mọ ọdún, kí a bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní baba òun kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn tí ó tẹ̀lé ogun Adùbí ti sọ ọdún 1918 fún wa. Ọdún náà ni àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí, tí wọ́n hú irin rélùwéè. Kí ó tó parí ni àrùn ọ̀fìnkìn tí ó kárí ayé gba Èkó wọlé.

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ìwé. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, Ẹkùn Abẹ́òkúta ni Ọ̀tà wà. Nítorí náà, àárín ìwé Abẹ́òkúta ni kí a ti wá ti Ọ̀tà, ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1854 ni James White, ọmọ Sàró, dé Ọ̀tà láti wàásù. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sílẹ̀ fún ìjọ tí ó rán an, ìwé náà sì wà ní Yunifásítì Birmingham títí di òní. Kò bọ Ifá. Èrò rẹ̀ nípa àwọn baba wa kì í ṣe èyí tí a ó gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ọdún tí ó kọ wúlò. Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ náà, kí a fi èébú sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń wá Fábùnmi nínú ìwé ìjọ, kí ó wá Olúbùnmi pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó yọ Ifá kúrò nínú orúkọ wọn nígbà ìrìbọmi.

Ẹ wo Martiniano Eliseu do Bonfim, tí wọ́n bí ní Bàhíà ní 1859. Ó wá sí Èkó ní 1875, ó kọ́ Ifá, ó padà ní 1886, ó sì di babaláwo tí òkìkí rẹ̀ kàn títí ó fi kú ní 1943. Ìtàn rẹ̀ kò sọnù, nítorí pé àwọn olùwádìí tọ̀ ọ́ lọ nígbà ayé rẹ̀. Lorenzo Turner, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn babaláwo Ọ̀tà tí wọ́n jọ gbé ayé nígbà kan náà ńkọ́? Mélòó nínú wọn ni a lè dárúkọ?

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí baba wa bá jẹ́ ọmọ awo, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di Àràbà nítorí ọlá tàbí ẹjọ́ ilẹ̀. Bí ó bá ṣe ìrìbọmi, kí a sọ pé ó ṣe é. Ẹlẹ́rìí ìpín ni à ń sìn. Ẹlẹ́rìí kì í purọ́.

Kí ọdún Ifá tí ń bọ̀ tó dé, kí ilé awo kọ̀ọ̀kan tọ àgbà rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ baba, oríkì rẹ̀, àwọn aya àti ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ nífá, àti ibi tí a sin ín sí. Nígbà náà, bí Ifá bá ní kí a pè wọ́n, a ó mọ ẹni tí à ń pè.

Ifá á gbè wá o. Àború, àbọyè.