Kì Í Ṣe Dẹ́rẹ́bà Ló Ń Mu Epo

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, iṣu ni mò ń tà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ yìí ni mo fi ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tó ń kó iṣu mi láti Ṣakí wá sí Bódìjà. Nígbà tí mo rà á, epo lítà 45 ló ń gbé e lọ, gbé e bọ̀. Nígbà tó fi máa tó ọdún kẹrin, ó ti di 60. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń gòkè, n kò tètè fura, torí epo kò tíì tó 200 náírà ní lítà kan nígbà náà (ìyẹn bí ẹ bá rí i rà). Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan sì fò kọjá 500 náírà. Lítà 15 tó lé yẹn wá di ohun tó ju 7,500 náírà lọ ní ìrìn kan ṣoṣo. Owó tó yẹ kí n fi san ẹ̀yáwó ló ń jó lójú títì.

Mo pariwo lé dẹ́rẹ́bà mi lórí. Mo ní ó ń fa epo tà. Ó búra, n kò gbọ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ẹlòmíràn. Ẹni tuntun náà lọ, ó dé: lítà 61.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mìíràn. Ó fi ọwọ́ sún mọ́ àwọn rìímù. Ti iwájú lápá òsì gbóná bí ìkòkò. Ó ní bíréèkì ibẹ̀ kò jáwọ́ mọ́. Bí ẹni ń rìn tí ọmọdé di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn ni.

Ó wá bi mí pé ta ló yọ tẹ́mósítáàtì. Mo rántí pé ọkọ̀ náà gbóná rí lọ́nà Ìsẹ́yìn, ẹni tó tún un ṣe sì yọ nǹkan kan jù nù, ó ní a kò nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Irọ́ ni! Nǹkan ọ̀hún ló ń sé omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n. Bí a bá yọ ọ́, omi á máa yí ká ṣáá, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì láàárọ̀ ọyẹ́ ni, á sì máa da epo sí i.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ́ èéfín wò fún kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ìròyìn èké ló ń mú lọ. Púlọ́ọ̀gì ti jẹ, epo tó wọlé kì í jó tán. Táyà sì rọ̀. Èyí ni tiwa gan-an, àwa tí à ń di ẹrù kọjá ìwọ̀n: táyà tó rọ̀ lábẹ́ ẹrù, ṣe ló ń fara wọ́lẹ̀. Àárọ̀ ni kí fọ́kanáísà wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, nígbà tí táyà ṣì tutù.

Ní báyìí, inú ìwé tí mo ń kọ iye iṣu sí náà ni mo ń kọ lítà àti kìlómítà sí.

Owó àtúnṣe yẹn dùn mí, n kò ní purọ́. Ọkọ̀ padà sí lítà 47. Kò dé 45, mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì náà ti dàgbà. Èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ bẹ dẹ́rẹ́bà àkọ́kọ́ nílé rẹ̀. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ó fún wa lómi mu. Ṣùgbọ́n ó ti ń wakọ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì padà.