Ìgbà Tí Dúróònù Bá Ń Padà Bọ̀

(Orin ìbẹ̀rẹ̀, kó rọlẹ̀)

Ọ̀rọ̀ dúróònù la fẹ́ sọ, bàálù kékeré oníkámẹ́rà tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ya àwòrán láti òkè.

Ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Bí bátìrì bá ń tán lọ, tàbí tí òun àti rìmóòtì kò gbọ́ ara wọn mọ́, púpọ̀ nínú wọn á gòkè dé gíga tí ẹ ti yàn, wọ́n á wá gba ọ̀nà tààrà wálé. Tí ẹ bá yan 30 mítà, tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lọ́nà ga tó 45 ńkọ́? Èyí tí kò ní ojú (sẹ́ńsọ̀) níwájú á forí sọ ọ́. Èyí tó lójú pàápàá kì í sábà rí wáyà iná. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù sì wà nísàlẹ̀!

Kì í ṣe ìgbà ìpadàbọ̀ nìkan ni ewu wà o. Ní oṣù kìíní 2025, dúróònù kan dá ihò sí apá bàálù panápaná kan ní Los Angeles. Bàálù náà balẹ̀ láyọ̀, àmọ́ kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí iná ń jó ilé onílé. Ó dùn mí gan-an.

Ní Nàìjíríà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfúrufú, NCAA, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò, ONSA, kí ẹ tó gbé e fò. Kí ẹ sì yan gíga ìpadàbọ̀ tó ju òpó tó ga jù ládùúgbò lọ.